Hannuma ní Dùgbẹ̀

Aago kan òru ti fẹ́ lù. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ sùn ni. Mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ kí oorun tó gbé èmi náà lọ.

Láti ibi iṣẹ́ ni mo ti gba sinimá lọ. SAFAR, àjọ̀dún fíìmù àwọn Lárúbáwá, ti tún dé. Arab British Centre ló dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ní 2012, àmọ́ ní báyìí wọ́n ń gbé e káàkiri, ó ń dé Glasgow, ó ń dé Liverpool. Ìrìnàjò ni safar túmọ̀ sí lédè Lárúbáwá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àwọn alárìnjó wa ló wá sí mi lọ́kàn, àwọn tó ń ru eré láti ìlú dé ìlú. Ohun tí mo sì fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé wọn kì í ti fíìmù àtijọ́ sí kọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tuntun ni wọ́n ń gbé e sí, kí ọmọ lè rí ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Fíìmù tí mo wò dára, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún wa ni ọkàn mi ṣì wà. Obìnrin kan láti Mòrókò àti ọkùnrin ará Íjíbítì kan ń tàkúrọ̀sọ nítòsí mi. Mo bi obìnrin náà bóyá bákan náà ni èdè àwọn méjèèjì. Ó ní rárá o, èdè Íjíbítì ni òun ń sọ fún un, fíìmù ló sì kọ́ òun láti kékeré. Òun ò dé Kairó rí. Ní 1935 ni báńkì Misr, èyí tí Talaat Harb dá sílẹ̀, ti ṣí Studio Misr, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù, níbẹ̀, fíìmù Íjíbítì sì ti wọ ilé onílé láti Baghdad dé Casablanca.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, mò ń gbọ́ tiwa nínú rẹ̀. Sabr, sùúrù. Waqt, wákàtí. Baraka, àlùbáríkà. Ilé-kéwú ni èmi ti mọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, níbi tí a ti ń fi ìbẹ̀rù pè wọ́n, tí pàṣán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé àwọn tó ni èdè náà ń fi í rẹ́rìn-ín, pé wọ́n ń fi í kọrin ìfẹ́, pé wọ́n ń fi í ná ọjà. Ó dùn mí pé mo dàgbà tó báyìí kí n tó mọ̀.

Nígbà tí mo délé, Màmá ṣì wà lójúfò.

“Fíìmù Lárúbáwá? Ṣé wáàsí ni?”

“Rárá, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín.”

Mo gbé Bab el Hadid sí i, fíìmù Íjíbítì tí Youssef Chahine ṣe ní 1958. Inú ibùdó rélùwéè Kairó gan-an ni wọ́n ti yà á. Chahine fúnra rẹ̀ ló ṣe Qinawi, ọkùnrin tó ń tiro, tó ń ta ìwé ìròyìn, tí ìfẹ́ Hannuma ti ń sọ di wèrè. Hind Rostom ló ṣe Hannuma, tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò láìní ìwé àṣẹ, tó ń fò wọnú ọkọ̀ ojú irin, tó ń fò jáde, tí ọlọ́pàá ń lé e. Abu Siri ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, alábàárù tó ń kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀.

Mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ fíìmù fún Màmá, àfi bí wọ́n ṣe ní kí n dákẹ́.

“Mo mọ ọmọ yìí. Ní ibùdó rélùwéè Dùgbẹ̀, kí ọkọ̀ tó dúró la ti ń sáré tẹ̀lé e. Ẹ̀pà ni tèmi, omi ni ti ọ̀rẹ́ mi. Bí ọlọ́pàá bá yọ báyìí, a ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.”

Mo ti lé lógójì ọdún. Màmá ò sọ fún mi rí pé àwọn ta ẹ̀pà ní Dùgbẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, tí Madbouli, bàbá tó ni ìsọ̀ ìwé ìròyìn, ń tan Qinawi pé aṣọ ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ wọ̀ fún un, tó sì jẹ́ pé aṣọ tí wọ́n fi ń de wèrè ni, Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ó gbà á gbọ́ o. Ó gbà á gbọ́.”

Àwọn òǹwòran ò tẹ́wọ́ gba fíìmù yẹn nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Síbẹ̀ ẹnìkan tọ́jú rẹ̀, òun la fi ń wò ó nínú yàrá wa lálẹ́ yìí. Ọlá Balógun ṣe fíìmù Àjàní Ògún ní 1976, èdè mi ni wọ́n sọ nínú rẹ̀, èmi ò sì tíì fojú kàn án.

Mo bi Màmá pé fíìmù wo ni wọ́n wò gbẹ̀yìn ní gbọ̀ngàn. Wọ́n ní Aiyé ni, ti Ògúǹdé, tó jáde ní 1979. Wọ́n ní èrò pọ̀ débi pé àwọn kan gun fèrèsé.

“Ẹ tún un wò lẹ́yìn ìgbà náà?”

“Níbo?”

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún Sátidé. Màmá ní àwọn á wé gèlè. Kí wọ́n tó wọlé lọ sùn, wọ́n béèrè bóyá wọ́n ń gbà kí èèyàn mú ẹ̀pà wọ ibẹ̀.