Àyẹ̀wò ọdún 2025: iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí a bi wọ́n

Ìbéèrè kan wà tí mo pa tì lọ́dún yìí. Mi ò kì í bi àgbàlagbà ní ìtàn ìlú mọ́ nígbà tí kámẹ́rà bá kọ́kọ́ dojú kọ ọ́. Àwa tí a ń ṣe tẹlifíṣọ̀n àdúgbò ní Ṣàgámù níbí, tí a ń fi fídíò wa han ará ìlú nínú gbọ̀ngàn kí a tó gbé e sórí YouTube, ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ la fẹ́ràn jù. Ẹ bi ará Ìjẹ̀bú, á sọ ti Ọbańta. Ẹ bi ará Rẹ́mọ, á sọ ti Akárígbò. Á tún fìlà dé, á jókòó ṣinṣin, á sì sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ará àdúgbò kejì ṣe sọ ọ́. Ìtàn yẹn wúlò, ó sì ti wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ ẹni yẹn níṣẹ́, ohun tó mú un fi òwò kan sílẹ̀ kó tó mú òmíràn, bó ṣe fi èrè ibẹ̀ rán ọmọ níléèwé, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ìyá oníṣòwò obì kan ní Sábó ló là mí lójú sí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn, mi ò mú kámẹ́rà dání. Mo béèrè bí Sábó ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ bi àwọn ọkùnrin. Mo wá béèrè bí èèyàn ṣe ń mọ obì tí kòkòrò ti wọ̀ kó tó là á. Ìyá fa agbọ̀n kan mọ́ra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa obì sọ́tùn-ún sósì, ẹnu wọn kò sì dákẹ́ mọ́. Wọ́n ṣàlàyé bí a ṣe ń rẹ gbànja sínú omi kí èèpo funfun rẹ̀ lè rọ̀, bí a ṣe ń bó o, tí a ń fọ̀ ọ́, tí a ń jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí a tó dì í sínú agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí. Ewé tútù ni o. Bí ewé bá gbẹ, obì náà á gbẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà dé orí àwọn Hausa tó ń kó obì lọ sí Kano, orí owó àwìn tó ń padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan láìsí ìwé àdéhùn, orí ìyá tó bí wọn, tó kọ́ èdè Hausa nídìí agbọ̀n. Ìtàn Sábó tí mo ń wá nìyẹn!

Ìbẹ̀wò tí a kò gbé kámẹ́rà lọ ni mo wá ń kà sí ìdajì iṣẹ́. Mo máa ń jókòó fetí sí àdúgbò: jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, ẹ̀rọ ìlọta, àkókò tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ń lo gbohùngbohùn. Mo máa ń wo fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ń gbà wọlé. Mi ò kì í fi ìbéèrè ránṣẹ́ ṣáájú, torí ẹni tó bá ti há ìdáhùn sórí, kíkà ni yóò máa kà á. Ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ni mo ń kọ sínú ìwé kékeré: omi, ewé, Kano, ìyá.

Lọ́jọ́ tí a bá ń ya fídíò, ohùn ni mo ń ṣọ́ ju àwòrán lọ. Ará ìlú á fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n á dìde kúrò nínú gbọ̀ngàn. Léèsì máa ń ha máìkì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn sì máa ń gbá a, torí náà a máa ń tọrọ àyè kí a tó wá ibi tó dákẹ́ lára aṣọ. Iná mànàmáná wa, 50 Hz ni; bí a bá fi shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá (1/50), gílóòbù kò ní máa ṣẹ́jú nínú fídíò. Ẹ̀gbẹ́ ojú kámẹ́rà gan-an ni mo ń jókòó sí kí wọ́n lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ohun tí mo béèrè bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn, torí a ó yọ ohùn mi kúrò. Bí wọ́n bá dákẹ́, èmi náà á dákẹ́, ẹ̀yìn irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù lọ́dún yìí ti jáde.

Èdè ńkọ́? Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ń darí dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, àwọn ọ̀mọ̀wé àti olóṣèlú wà lára àwọn tí èèyàn ń rí níbẹ̀. Mo gbà pé ìyẹn ṣì wà lọ́kàn àwọn àgbà wa, torí bí iná kámẹ́rà bá ti tàn, Yorùbá bíi ti oníròyìn ni wọ́n ń sọ. Ẹnìkejì mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ló ń fi Ìjẹ̀bú gidi bi wọ́n ní ìbéèrè báyìí, ara wọn sì máa ń balẹ̀. A ń kọ Yorùbá àjùmọ̀lò sísàlẹ̀ àwòrán fún àwọn tó kù.

Ojúde Ọba, àjọ̀dún ńlá Ìjẹ̀bú-Òde, bọ́ sí 8 oṣù kẹfà. A ya ẹṣin àti àwọn régbérégbé bí gbogbo ayé ṣe yà wọ́n, ṣùgbọ́n ìlù àti ìbọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣáájú rẹ̀ la ti rí ìtàn wa gbà, lọ́dọ̀ àwọn télọ̀ tí kì í sùn àti àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin. Lẹ́yìn náà, ní 13 oṣù keje, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wàjà. Láti 1960 ni wọ́n ti wà lórí ìtẹ́. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti di ẹni ọdún 85. Mo sáré, mi ò sì tíjú láti sọ pé ẹ̀rù bà mí. A kò bi àwọn àgbà tí a bá ní ohun tí wọ́n rò nípa ọba. A bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń tà, tí wọ́n ń rán, tí wọ́n ń sè lọ́dún tí wọ́n fi í jọba. Wọ́n rántí iye aṣọ, wọ́n rántí ẹni tó jẹ wọ́n lówó.

Fídíò tí a ń ṣe lórí gàrí ṣì kù díẹ̀ kó parí. Gàrí Ìjẹ̀bú gba ọjọ́ mélòó kan kó tó kan, kámẹ́rà kò sì lè bá a kánjú. Àwọn ọ̀rọ̀ ẹbí kan tún wà tí a yọ kúrò nínú fídíò ní oríṣiríṣi ilé nítorí àwọn tó sọ ọ́ bẹ̀ wá bẹ́ẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ ọ̀kan nínú wọn.

Ní oṣù kejì, Ìwòpin là ń lọ, lọ́dọ̀ àwọn apẹja. Mo ti ra ìbòrí onírun fún máìkì nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà. Ẹni tó kọ́ wọn bí a ṣe ń tún àwọ̀n ṣe ni mo máa kọ́kọ́ béèrè.