Ọdún tí píọ́ wọ́tà bà lé mísà mi

Òkun o, gbogbo ilé. Ọdún ti fẹ́ yí, oníkálukú ń ṣe àyẹ̀wò tiẹ̀, ẹni tó ra mọ́tò ń gbé fọ́tò mọ́tò síta, ẹni tó bímọ ń gbé ọmọ, èmi náà ní kí n yára sọ tèmi kí n tó lọ to spíkà fún àwọn tó fẹ́ ṣe àìsùn ọdún tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, sáúńdì ni mò ń ṣe. Kàbà ni mò ń gbé, nílẹ̀ àwa Okun tó jẹ́ Yorùbá Kogí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló mọ̀ mí jù, Ìyàrà lónìí, Mọ̀pà lọ́la, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti ń sin òkú àgbà tàbí tí wọ́n ń gbéyàwó lẹ ti máa rí mi níbi tí wáyà pọ̀ sí. Òkú àgbà ló bọ́ wa lọ́dún yìí, mi ò ní purọ́. Epo jẹnẹrétọ̀ fojú wa rí màbo, tó o bá dá owó fún oníbàárà lọ́jọ́ Ajé, tó bá fi máa di Sátidé gbogbo èrè ti wọnú táńkì lọ. Mo ra ánpù kan, àlòkù ni, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Spíkà béèsì kan jó, mo gbé e lọ sí Ìlọrin, wọ́n pààrọ̀ kóònù ẹ̀. Ìyàwó mi parí ilé-ìwé olùkọ́ ẹ̀. Ọlọ́run ṣeun. Ó tó báyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti ọmọbìnrin kan tó kọrin lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà Àjíǹde, torí pé láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gbà fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé àwọn èrò ló burú. Tẹ́ ẹ bá rí èrò tó ń hó lé olórin kékeré lórí, ẹ̀yìn sitéèjì ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Ìlú kan ní Ìjùmú ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wọ́n ń ṣe Day wọn, ọjọ́ àjọyọ̀ ìlú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìlú Okun wo ni kò ní Day tiẹ̀ báyìí. Wọ́n pe gbajúmọ̀ kan láti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn tí orin wọn wà lórí gbogbo fóònù. Kí gbajúmọ̀ tó dé, wọ́n ní kí ọmọbìnrin Ìyàgbà kan, Okun bíi tiwa, kọ́kọ́ ṣeré díẹ̀. Ẹnu Ìyàgbà lọmọ yìí fi ń kọrin, òun fúnra ẹ̀ ló sì ń ṣe orin náà, kò sí kíbọ́ọ̀dù, kò sí báńdì, òun àti gìtá ẹ̀ tí kò lo iná, pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó ń lu àkúbà.

Aago méje alẹ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ káàkiri ìlú. Aago mẹ́wàá kọjá, gbajúmọ̀ ò tíì kọjá Òmùò ní Èkìtì. Àwọn èèyàn ti sanwó ẹnu ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́ ti mutí yó, àga ò tó, àwọn bàbá olóyè ti dìde lọ sílé pẹ̀lú ìbínú, kò sì sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tó bọ́ síta kó sọ pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, bọ́rọ̀ ṣe rí nìyí o. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ti ọmọ yìí jáde. Ẹmúsì ò tiẹ̀ pe orúkọ ẹ̀, ó ní "ẹ jẹ́ ká fi eléyìí tura díẹ̀ ná", ló bá sá lọ jẹun.

Ẹ wá gbọ́ apá tèmi, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń ṣe sáúńdì fún gbajúmọ̀ ti ṣáájú ọ̀gá ẹ̀ dé láti ọ̀sán, ó gbé mísà tiẹ̀ wá, ẹ̀rọ tá a fi ń po ohùn pọ̀, ó fi téèpù lẹ ojú ẹ̀ káàkiri pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Spíkà ńlá méjèèjì tí wọ́n háyà lọ́wọ́ mi, ó ní ti ọ̀gá òun ni, kò sẹ́ni tó máa kọrin níbẹ̀ kí ọ̀gá tó dé. Mo bá kó ọmọ yìí sórí mísà kékeré mi, mo fà á sínú spíkà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn ò jẹ́ kó dán ohùn ẹ̀ wò rárá. Spíkà ilẹ̀, èyí tó yẹ kó kọjú sí olórin kó lè máa gbọ́ ara ẹ̀, wọ́n ti yí ìyẹn kọjú síbi tí ọ̀gá wọn máa dúró sí. Ìlù ọ̀gá ti gba àárín sitéèjì, wọ́n fi aṣọ bò ó, ọmọ náà wá dúró sí etí pátápátá lábẹ́ gílóòbù kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí ti mọ ibi tó ń lọ. Olórin tí kò gbọ́ ohùn ara ẹ̀ á máa pariwo, tó bá ti ń pariwo ohùn á ya, èrò á ní kò mọ̀ ọ́n kọ. Tí mo bá gbé ohùn máìkì ẹ̀ sókè, spíkà á hu. Tí mo bá gbé e wálẹ̀, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò ní gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á ní ṣé fíìmù tí kò lóhùn ni wọ́n gbé jáde fáwọn ni. Kò sí ibi tí mo fẹ́ gbé e gbà.

Orin kìíní, wọ́n hó. "Sọ̀kalẹ̀!" "Ta ni ẹ́?" Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ gbajúmọ̀, gbogbo pápá gbè é. Ẹnì kan tún kígbe pé ṣé Ígálà lò ń sọ ni, ìyẹn dùn mí dé egungun, torí ohun tí wọ́n ń bi wá l'Ékòó tí wọ́n bá ti gbọ́ pé Kogí la ti wá nìyẹn, wọ́n wá bi ọmọ Okun lórí ilẹ̀ Okun. (Ó lè jẹ́ àlejò o, òru ni, mi ò rójú ẹ̀.)

Ọ̀rá píọ́ wọ́tà àkọ́kọ́ fò kọjá lórí ẹ̀. Èkejì bà lé mísà mi, ó bẹ́ pòà. Mo dúpẹ́ pé mo ti fi náílọ́ọ̀nù bò ó nítorí òjò, à bá máa sọ ìtàn mìíràn lónìí. Ẹ̀kẹta lu ọmọ náà lẹ́sẹ̀, kò bẹ́, ó yí gbirigbiri dúró síwájú ẹ̀. Ó dá gìtá dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú omi náà, ó fi eyín já etí ẹ̀, ó sì mu ún, kò kánjú o, ó mu ún títí ọ̀rá náà fi sún kì, gbogbo wa ń wò ó. Ó wá bọ́ sídìí máìkì, ó ní "Ẹ ṣeun o. Láti aago márùn-ún lòùngbẹ ti ń gbẹ mí." Ó ki ọ̀rá náà bọ àpò, ó fún okùn gìtá kan le díẹ̀, ó sì mú orin ẹ̀ láti ibi tó ti dá a dúró gan-an.

Mi ò ní sọ pé gbogbo èrò wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Irọ́ ni. Àwọn tó wà níwájú ò yéé hó, àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan tún ń wá nǹkan tí wọ́n máa jù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn pátápátá, níbi táwọn ìyá alákàrà jókòó sí, mo ń gbọ́ ègbè. Orin tuntun ni, wọn ò gbọ́ ọ rí, àmọ́ ohùn tí wọ́n fi ń sin ìyàwó nílé ló gbé e lé, wọ́n mọ ibi tí ègbè ti máa ń wọlé. Ìyá kan ń fi ọwọ́ tí ẹ̀wà lílọ̀ kún lu ẹ̀gbẹ́ abọ́. Ọmọ náà gbọ́ wọn. Mo rí i tó yí ara padà, ó fi ẹ̀yìn fún àwọn tó ń hó, ó kọjú sí ibi tí iná àkàrà wà, àwọn ló sì kọ ìyókù fún. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún un, ó lò ó pé. Nígbà tó parí, ó sọ orúkọ ara ẹ̀, ó sọ ti onílù ẹ̀, nígbà tí ẹmúsì ò ti sọ ọ́, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó bọ́ sílẹ̀.

Gbajúmọ̀ dé lẹ́yìn aago kan òru. Wọ́n tan orin ẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà, ó ń gbé máìkì láti ọwọ́ kan sí ìkejì, nígbà mìíràn orin á ṣì máa lọ, máìkì á ti wà lábẹ́ apá. Àwọn èrò ló bá a kọ gbogbo ẹ̀, inú wọn dùn dé góńgó. Mi ò bínú sí i, ẹni tó bá ti ṣe orin tí gbogbo ìlú mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin ti ṣe iṣẹ́ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó, àwọn èèyàn kan náà ni. Ebi ṣì ń pa wọ́n, àga ò tíì tó. Kí ló yí padà? Spíkà ńlá ṣí, iná tàn, ẹmúsì ki gbajúmọ̀ títí ẹnu ẹ̀ fi fẹ́ ya. Ká ní wọ́n fún ọmọ Ìyàgbà yẹn ní ìdajì ìyẹn ńkọ́?

Nígbà tí òjò dé tí iṣẹ́ dín kù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn àwọn tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Mi ò mọ̀ pé Prince, olórin Amẹ́ríkà tó kú ní 2016 yìí, wọ́n ti ju nǹkan lù ú kúrò lórí sitéèjì rí. October 1981 ni, Rolling Stones, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣeré ní Coliseum tó wà ní Los Angeles, wọ́n pè é pé kó wá ṣíwájú àwọn. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà náà. Òun ló máa kọ́kọ́ jáde nínú olórin mẹ́rin lọ́jọ́ náà, ìyẹn ni pé àwọn méjì ṣì wà láàárín òun àtàwọn tí èrò wá wò, ọ̀sán gangan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó wá gbọ́ rọ́ọ̀kì, ọmọ aláwọ̀ dúdú yìí wá jáde tòun ti pátá dúdú àti kóòtù gígùn. Wọ́n kó nǹkan bò ó. Ó kúrò lórí sitéèjì kí àsìkò ẹ̀ tó pé, ó sì wọ bàálù lọ sílé ní Minneapolis. Mick Jagger, olórin Rolling Stones, pè é lórí fóònù, Dez Dickerson tó ń ta gìtá fún un náà bá a sọ̀rọ̀, ó padà wá fún ti ọjọ́ kọkànlá oṣù náà. Wọ́n tún jù ú lóko. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró ṣe é tán. Ní February 2007, ọkùnrin yìí náà ló dúró sáàárín òjò ní Miami, níbi Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tó ń ta gìtá tí gbogbo pápá ìṣeré ń bá a kọrin.

Ti Jimi Hendrix, onígìtá Amẹ́ríkà, tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1967, oṣù tó tẹ̀ lé èyí tó dáná sun gìtá níbi àjọ̀dún orin Monterey, wọ́n gbé e síwájú Monkees, ẹgbẹ́ olórin tí tẹlifíṣọ̀n sọ di gbajúmọ̀. Àwọn Monkees fúnra wọn ló fẹ́ràn ẹ̀ tí wọ́n ní kó wá. Àmọ́ ọmọdébìnrin ló kún ibẹ̀, Davy Jones, ọ̀kan nínú Monkees, nìkan ni wọ́n ń ké pè, kò sí èyí tó kàn wọ́n nínú gìtá ẹni kankan. Kò lò ju ìwọ̀nba ọjọ́ tó fi kúrò lẹ́yìn wọn. Ta lo fẹ́ dá lẹ́bi níbẹ̀? Àwọn ọmọ náà ò ṣe nǹkan kan, Hendrix náà ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó to orúkọ wọn pọ̀ ni kó wá ṣàlàyé.

Prince sì rí bàálù wọ̀ o. Ọmọ tiwa, wọn ò wá ibi tó máa sùn sí fún un, inú bọ́ọ̀sì mi lòun àti alákùúbà sùn sí, láàárín wáyà, títí ilẹ̀ fi mọ́ tí wọ́n rí mọ́tò Ìsánlú. Ìdajì owó ni wọ́n fún un. Akápò ní ṣebí kò dùn mọ́ èrò nínú. Mo fẹ́ bá a jà, ọmọ náà ló dì mí mú.

Láti August ni mo ti fi òfin sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ háyà mi fún eré olórin méjì sókè, ẹni tó máa kọ́kọ́ kọrin gbọ́dọ̀ dán ohùn ẹ̀ wò kí èrò tó wọlé, spíkà ilẹ̀ kan máa kọjú sí i, ẹmúsì máa pe orúkọ ẹ̀ ketekete, tí gbajúmọ̀ bá sì pẹ́, kẹ́nì kan bọ́ síta sọ fáwọn èèyàn. Ìgbìmọ̀ kan ní ẹnu mi ti gùn jù, wọ́n lọ gbé ẹlòmíì wá láti Lọ́kọ́ja, iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì dùn mí torí owó gidi ni. Àwọn kan ní Mọ̀pà gbà. Ọmọkùnrin kan ló ṣíwájú níbẹ̀, ó ń ṣe ráàpù. Kí n sòótọ́, ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ohun tó ń sọ, wọ́n mọ orúkọ ẹ̀, wọ́n mọ̀ pé tó bá ṣe díẹ̀ sí i ó máa lọ. Kò sẹ́ni tó ju nǹkan kan, àwọn kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Fídíò omi mímu yẹn ń káàkiri orí WhatsApp o, ẹ lè ti rí i, wọn ò kọ orúkọ ọmọ náà síbẹ̀, wọ́n ń pè é ní ọmọ olómi. Mo pàdé ẹ̀ níbi ìsìnkú kan lẹ́bàá Odò-Ẹrẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ti ń rí iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo bi í pé ẹ̀rù ò bà á lọ́jọ́ yẹn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi ló ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé tí mi ò bá wá nǹkan bẹ̀rẹ̀ mú, wọ́n máa rí i." Mo ní ọ̀rá omi náà ńkọ́ tó kì bọ àpò? Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ibo ló yẹ kóun jù ú sí, sórí wáyà yín?

Ó yá, mò ń lọ, pásítọ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ mí lówó látọdún yìí, nọ́ńbà àkáǹtì mi ò yí padà, ìgbìmọ̀ Day tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ lókè yẹn náà wà níbẹ̀, ẹ ṣì jẹ mí ní owó spíkà ńlá méjì tẹ́ ò jẹ́ kí n lò.