Ojú Ọ̀pẹ̀lẹ̀ Nínú Dátábéèsì: Ibi Tí Iṣẹ́ Dé

Sátidé àkọ́kọ́

Ìwé kan ló fa iṣẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Òjé, ní ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù ya ojú odù 16 àti ọmọ odù 240 sí. Odù kọ̀ọ̀kan ní àmì mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, àmì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ oókan tàbí eéjì. Wọn kò kọ orúkọ sí i. Àmì ló wà lókè, ẹsẹ díẹ̀ sì wà lábẹ́.

Mo fẹ́ máa tẹ bí ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí babaláwo fi ń dífá, ṣe ṣubú sínú kọ̀ǹpútà, kí ó dárúkọ odù náà fún mi, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ orúkọ wọn ni. Bàbá ti sọ tiwọn: “Àbẹ̀kẹ́, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í dífá o. Kí o fi kọ́ orúkọ ni mo gbọ́.” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi náà ṣe fẹ́ ẹ. Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni mo fi ń kọ kóòdù rẹ̀, SQLite sì ni dátábéèsì, ibi tí mo ń to àkọsílẹ̀ náà sí, nítorí fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, mo lè gbé e láti Bódìjà lọ sí Òjé, n'Ìbàdàn níbí, nínú fóònù mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo tẹ ìwé náà wọlé bí mo ṣe rí i: 1 fún oókan, 2 fún eéjì. Ó gbà mí ní alẹ́ mẹ́rin. Mo wá ní kí ó ka orúkọ wọn padà fún mi. Ó pe èkíní ní Èjì Ogbè, ó tọ́. Ó pe èkejì, tó yẹ kó jẹ́ Ọ̀yẹ̀kú Méjì, ní Èjì Ogbè. Ẹ̀kẹta, Èjì Ogbè. Títí ó fi dé orí ẹ̀kẹrìndínlọ́gọ́ta lé nígba, Èjì Ogbè ni.

Èmi ni mo fi bool(), àṣẹ Python kan, yí iye kọ̀ọ̀kan padà sí True (bẹ́ẹ̀ ni) tàbí False (bẹ́ẹ̀ kọ́) láìronú. Python kì í béèrè bóyá nọ́ńbà jẹ́ 1. Bóyá ó yàtọ̀ sí òdo ló ń béèrè. 2 yàtọ̀ sí òdo, nítorí náà bool(2) jẹ́ True. Oókan di True, eéjì náà di True, odù tí gbogbo àmì rẹ̀ sì jẹ́ oókan ni Èjì Ogbè.

SQLite náà kò dá mi dúró. Ọ̀rọ̀ BOOLEAN tí mo kọ sí òpó (ìlà òòró inú tábìlì, ọ̀kan fún àmì kọ̀ọ̀kan) kò ju orúkọ lọ, nítorí kò ní àpótí kankan tó yà sọ́tọ̀ fún bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Nọ́ńbà ló ń fi pamọ́, a sì lè kó 2 tàbí 57 sí i. TRUE àti FALSE pàápàá, láti ẹ̀dà 3.23.0 tó jáde ní 2018 ló ti ń dá wọn mọ̀, 1 àti 0 ló sì kà wọ́n sí. Ibi tó jẹ mí lógún jù rèé. WHERE ni a fi ń yan ìlà, ot1 sì ni òpó àmì kìíní lọ́tùn-ún: WHERE ot1 = TRUE kò mú ìlà tó ní 2 wá, nítorí 2 kì í ṣe 1; ṣùgbọ́n WHERE ot1 IS TRUE mú un wá, nítorí IS níbẹ̀ ń wò ó bóyá kì í ṣe òdo. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Sátidé kejì, ní Òjé

Mo kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá: èwo ni kí n pè ní “bẹ́ẹ̀ ni”, oókan tàbí eéjì? Wọn kò dáhùn. Wọ́n kó ikin mẹ́rìndínlógún jáde, wọ́n fi ọwọ́ kan gbá wọn, ẹyọ kan ló ṣẹ́kù. Wọ́n tẹ eéjì sínú ìyẹ̀rosùn. Wọ́n tún gbá wọn, méjì ló ṣẹ́kù, wọ́n tẹ oókan. Ti ọ̀pẹ̀lẹ̀ tún yàtọ̀: bí inú bá kọjú sókè, oókan ni, bí ẹ̀yìn bá kọjú sókè, eéjì ni.

Mo ti ń rí i láti kékeré, n kò sì ronú kàn án rí. Ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tó hàn lórí ọpọ́n, kò sì sí babaláwo tó ń ṣi méjèèjì pè fún ara wọn, nítorí ojú kan ṣoṣo ni ìyípadà ti ń ṣẹlẹ̀: ìka tó ń tẹ̀ ẹ́. Nínú kóòdù tèmi, ibi márùn-ún ni mo ti ń yí i padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tirẹ̀.

Mo tún tábìlì náà ṣe. Òpó kò jẹ́ “àmì” mọ́, ot1_ookan ló ń jẹ́, ìyẹn ni pé orúkọ rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè: ṣé oókan ni? Bẹ́ẹ̀ ni, 1. Bẹ́ẹ̀ kọ́, 0. Mo fi CHECK (ot1_ookan IN (0, 1)) sí i, kí 2 má lè wọlé mọ́ láé.

Bàbá béèrè pé orúkọ ta ni Boolean. Mo sọ fún wọn nípa George Boole, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ni ní Cork ní Ireland, tí ìwé rẹ̀ lórí òfin ìrònú jáde ní 1854. Wọ́n ní ó káre.

Ọjọ́bọ̀

Ìka tó ń tẹ̀ ẹ́ nínú Python ni register_converter, ibi tí a ti ń sọ bí yóò ṣe yí iye tó ti dátábéèsì jáde padà. Mo kọ ọ́ fún BOOLEAN, mo sì fi detect_types=sqlite3.PARSE_DECLTYPES ṣí dátábéèsì náà, torí láìsí èyí, ẹnikẹ́ni kì í pè é. Mo dán an wò. Èjì Ogbè, 256!

Ohun tó ń dé ọwọ́ ìyípadà yìí kì í ṣe nọ́ńbà, báìtì ni, ìyẹn àmì 0 bí a ṣe kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀: b"0". Báìtì tí kò ṣófo sì jẹ́ True, ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀. bool(int(v)), tó kọ́kọ́ sọ báìtì di nọ́ńbà, ló tán an. Ọ̀yẹ̀kú Méjì jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, mo pariwo.

Ọjọ́ Àìkú

Nígbà tí mo ka orúkọ náà tán, Ọ̀bàrà Ìrosùn jáde lẹ́ẹ̀mejì, Ìrosùn Méjì kò sì sí níbì kankan. Mo padà sínú ìwé. Ní ojú ewé kan, àmì kejì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ti pa rẹ́. Bí ó bá jẹ́ oókan, ẹsẹ̀ náà jẹ́ Ìrosùn. Bí ó bá jẹ́ eéjì, Ọ̀bàrà ni. Èmi ti kọ 2 síbẹ̀, tó wá di 0 nínú tábìlì tuntun. Àmì mọ́kànlá ló pa rẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà, gbogbo wọn ni mo sì fi 0 dí.

Èyí dùn mí ju ti Èjì Ogbè lọ. Èjì Ogbè ń pariwo àṣìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n 0 tí mo fi dí ojú òfo ń purọ́ jẹ́ẹ́. “Kì í ṣe oókan” yàtọ̀ sí “a ò tíì mọ̀”. NULL, àmì tí dátábéèsì ní fún ojú òfo, ló yẹ ibẹ̀. CHECK tí mo kọ gbà á wọlé, torí CHECK kì í kọ ohun tí ìdáhùn rẹ̀ kò dájú, UNIQUE, òfin tí kì í jẹ́ kí ìlà méjì bára mu, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sórí òpó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ náà kò sì kà á sí àtúnkọ. Àmì kejì ọ̀tún pa rẹ́ nínú ìlà mẹ́ta, nítorí náà tí mo bá ka àwọn tó jẹ́ oókan pọ̀ mọ́ àwọn tí kì í ṣe oókan, 253 ló ń wá. Mẹ́ta tó kù kò sí lápá kankan. Nínú Python, wọ́n di None, ojú òfo ti Python, “if ami” sì ń tì wọ́n sọ́dọ̀ eéjì, àfi kí n kọ́kọ́ béèrè “is None”. Mo ti ń béèrè rẹ̀ báyìí.

Ìdí nìyí tí n kò fi kó àmì mẹ́jọ náà pọ̀ sínú nọ́ńbà kan láti 0 dé 255, bí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe dá a lábàá. Kò sí àyè fún “a ò tíì mọ̀” nínú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ yìí kan náà ń lo PostgreSQL, dátábéèsì mìíràn, tó ní boolean tòótọ́. Fáìlì tó yọ fún mi kún fún t àti f. CHECK kọ gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́, torí bool("f") jẹ́ True. Mo yí wọn sí 1 àti 0 lẹ́nu ọ̀nà.

Sátidé kẹta

Nínú odù 256 tó pé, òpó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní oókan 128 àti eéjì 128. Mo lè fi ìṣirò yìí àti odù tó sọnù dí àwọn ojú òfo náà láti ìjókòó mi. Bàbá ní rárá, kí n má kọ ohun tí ojú kò tíì rí. Ẹsẹ tó wà lábẹ́ ni kí a kà. A ti ka mẹ́jọ pọ̀, pẹ̀lú Ìrosùn Méjì. Òpó mẹ́fà ti pé 128 sí 128. Mẹ́ta ló kù, ẹsẹ abẹ́ wọn náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Mo ti ra gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní Dùgbẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ ni mo máa gbé e lọ sí Òjé.