Nọ́ńbà Ọkọ̀ Lójú Ọlọ́pàá ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Nàìjíríà

Ní Lọ́ńdọ̀nù tí mò ń gbé, ọlọ́pàá kì í sábà kọ́kọ́ béèrè ìwé ọkọ̀, nítorí pé nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ ti sọ ohun tó fẹ́ mọ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n dá ọ̀rẹ́ mi kan dúró ní Old Kent Road, kámẹ́rà inú ọkọ̀ ọlọ́pàá ti ka nọ́ńbà rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì bá a sọ ni pé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ ti tán.

Torí pé kámẹ́rà ni yóò kà á, òfin wọn le lórí ìrísí rẹ̀: funfun ni ti iwájú, àwọ̀ ìyeyè ni ti ẹ̀yìn, irú lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n gbà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 79. Ẹni tó bá sún lẹ́tà mọ́ra kí ó lè di orúkọ rẹ̀ lè san ìtanràn tó tó 1,000 pọ́n-ùn.

Ojú ènìyàn ni wọ́n ṣe tiwa fún. Àsíá àti orúkọ ìpínlẹ̀ wà lórí rẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ń sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti gba nọ́ńbà náà, bíi KJA fún Ìkẹjà àti EPE fún Ẹ̀pẹ́. Búlúù ni ti ọkọ̀ àdáni, pupa ni ti ọkọ̀ akérò. Mo fẹ́ràn ètò yìí gidigidi, nítorí pé obìnrin tó dúró ní ibùdókọ̀ lálẹ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ọkọ̀ tó ń pe èrò ní nọ́ńbà búlúù, kí ó sì yẹra fún un. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọ̀ kan náà ni nọ́ńbà takisí àti ti àdáni.

Ṣùgbọ́n ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá bá ti rí nọ́ńbà náà tán, yóò ṣì sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, pátíkúlà yín dà?” Yóò gbé ìwé náà lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, yóò máa fi ìka tọ nọ́ńbà inú rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, yóò sì máa wo èyí tó wà lára ọkọ̀. Bí ayédèrú ìwé bá ti bá ayédèrú nọ́ńbà mu, olè ti kọjá nìyẹn. Ó yẹ kí gbogbo ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ní ẹ̀rọ tí yóò fi yẹ nọ́ńbà wò lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kámẹ́rà wọn ń ka nọ́ńbà ọ̀daràn àti ti aláìṣẹ̀ papọ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì lè wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá fún oṣù 12. Kí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ tó gba gbogbo ìgboro wa kan, mo ń fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa kọ́kọ́ sọ iye ọjọ́ tí wọn yóò fi pa àkọsílẹ̀ aláìṣẹ̀ rẹ́.