Ẹni Tó Fẹ́ Rà Kì í Béèrè Tó Báyìí

Ọjà Yiwu ní ilẹ̀ Ṣáínà ni mo wà, mo wá wo ọjà tí màá kó wálé. Kì í ṣe èmi ni màmá onílẹ̀kẹ̀ kan níbẹ̀ bá sọ̀rọ̀ o. Ọmọbìnrin tó ń bá a tajà ló sọ ọ́ fún, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Mo ní kí Túndé, tó ń ṣe ògbufọ̀ fún mi, túmọ̀ ẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo ní kò ní jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ mi. Ìgbà yẹn ló tó là á: "Àǹtí, wọ́n ní ẹni tó fẹ́ rà kì í béèrè tó báyìí."

Inú bí mi. Kí ni mo tiẹ̀ béèrè? Mo béèrè bóyá àwọ̀ iyùn oníke yẹn máa ń ṣí tí òógùn bá kàn án. Mo béèrè bí okùn ẹ̀ ṣe lágbára tó, iye páálí tó kéré jù tí wọ́n lè tà, bóyá mo lè da àwọ̀ mẹ́ta pọ̀ sínú páálí kan, àti ẹni tó máa san owó ọkọ̀ dé ilé ìkẹ́rùsí àjẹ́ǹtì. Tí iyùn bá ṣí sára léèsì funfun ìyàwó ọ̀ṣìngín ní Ìbàdàn, ṣé màmá yẹn ni wọ́n máa wá ká mọ́lé?

Òjò rọ̀ láti àárọ̀. A rin District 1, ìyẹn apá kìíní ọjà yìí, a kan District 2 díẹ̀, ẹsẹ̀ mi wú. Ọjà Yiwu yìí lé ní 70,000 ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fa èèyàn láṣọ bíi ti Ìdúmọ̀tà. Wọ́n á jókòó ti ọjà àfihàn wọn, ọmọ wọn á máa ṣe iṣẹ́ àmúrelé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á tẹ iye sórí ẹ̀rọ ìṣirò, wọ́n á tì í sí ẹ. Ó parí. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ gan-an nìyẹn, kí màmá yẹn tó bà á jẹ́.

Àmọ́ ṣé irọ́ ló pa? Ní Gbági, tí oníbàárà bá ti tú aṣọ palẹ̀ tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti hun ún, màámi á wò mí lójú, wọ́n á ní, "Eléyìí wá gbatẹ́gùn ni." Èmi náà á sì rẹ́rìn-ín. Bóyá atẹ́gùn lèmi náà wá gbà. Owó wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n títí di báyìí mi ò tíì ra nǹkan kan…

Rárá o. Náírà ló ń béèrè, kì í ṣe èmi. Wọ́n á ní kí o san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá sílẹ̀, kí o san ìyókù tí ẹrù bá jáde nílé iṣẹ́. Láàárín méjèèjì yẹn ni ojú ń já ẹni. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé iye tí yuan jẹ́ lónìí ló máa jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó ẹrù sínú kọ́ńtẹ́nà? Ẹni tí owó ìlú ẹ̀ dúró sójú kan lè má béèrè.

Àwọn bàbá ńlá màmá yẹn ńkọ́? Ìlù kékeré ni wọ́n ń mì kiri abúlé, wọ́n á fúnni ní ṣúgà pupa, wọ́n á gba ìyẹ́ adìẹ, tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ àti ohun ìgbálẹ̀. 1982 ni ìjọba ibí tó gbà wọ́n láyè láti pàtẹ ní gbangba. Ṣé wọ́n kàn ń gba ìyẹ́ láìbéèrè ni? Ìyẹ́ àkùkọ ni àbí ti abo? Ó gbẹ àbí ó tutù? Mo fẹ́ kí Túndé bá mi sọ ìyẹn fún un, ó ní òun ò sọ. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ ohun tó ń ṣe.

A jẹ ìrẹsì lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá. Ata ò sí ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran wà. Mo gbìyànjú láti pe màámi, VPN tí a fi ń ṣí WhatsApp níbí kọ̀, WhatsApp ò ṣí. Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ni mo rà.

Ìlẹ̀kẹ̀ màmá yẹn dára ṣá. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Kò sẹ́ni tí tiẹ̀ dán tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilà yẹn.

Lọ́la, District 4, ìbọ̀sẹ̀ ọmọ iléèwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó ẹrù gba èbúté Ningbo lọ́dún yìí, ẹ bá mi sọ iye tí wọ́n ń gbà lórí CBM kan (ààyè ẹrù tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga) dé Àpápá, kí Túndé má baà fi mí gba owó oṣù.