Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ tí yóò máa lọ kọfí espresso fún yín

Ẹni tó bá fẹ́ máa po espresso nílé, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀, ẹ̀rọ ìlọ-kọfí ni kó kọ́kọ́ náwó lé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn létí, nítorí ẹ̀rọ espresso gan-an ló ń dán lójú àlejò.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Nínú espresso, agbára ni omi gbígbóná fi ń gba àárín kọfí kọjá, nǹkan bíi 9 bar (bar ni a fi ń wọn agbára tó ń ti omi). Bí mo bá wọn kọfí gírámù 18, gírámù 36 ni mo ń retí nínú ife, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Bí kọfí bá rí háráhárá, omi á sáré kọjá, ohun tó máa wà nínú ife á kan, á sì ṣàn bí omi lásán. Bó bá kúnná jù, á máa kán tó-tó-tó, á sì korò. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì.

Ẹ wo àwọn tó ń lọ ata ní ọjà Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ kí ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín kúnná, wọ́n á fún ìdè ẹ̀rọ le, awo irin méjèèjì á sún mọ́ra. Ìdè yẹn gan-an ni ẹ ń fowó rà. Blẹ́ńdà alábẹ kò ní in. Ó kàn ń gé e ni, apá kan á di lẹ́búlẹ́bú, apá kan á ṣì wà ní kóró. Ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ni èmi ń lò, Kingrinder K6. Bí mo bá yí òrùka rẹ̀, á dún kẹ́. Kẹ́ kan yẹn, micron 16 ni irin inú rẹ̀ fi ń sún (1000 micron ló wà nínú mìlímítà kan). Ti 1Zpresso J-Ultra tún kéré sí i, micron 8, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Timemore C2 rọjú lóòótọ́, ó sì dáa fún kọfí tí a ń da omi lé lórí, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ rẹ̀ jìn síra jù fún espresso: ibí yìí, omi sáré, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, omi kọ̀ kò jáde mọ́.

Nígbà tí màmá mi kọ́kọ́ bá mi nídìí rẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé ìdí ọlọ lo tún padà sí ni?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Apá ń gbọ́ ọ díẹ̀ lóòótọ́, pàápàá bí wọn kò bá yan kọfí náà dúdú, nítorí irú ìyẹn le. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta níbí, bí wọ́n bá mú iná lọ láàárọ̀, n kò ní tan jẹnẹrétọ̀ nítorí gírámù 18.

Bó bá jẹ́ ti oníná lọkàn yín fẹ́, irú Baratza Encore ESP, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Iná 120 volt ni wọ́n ṣe èyí tó ti Amẹ́ríkà wá fún; tiwa jẹ́ 230 sí 240. Ẹni tó bá kì í bọ ògiri bẹ́ẹ̀ ti jó o nìyẹn.

Ẹ tún yí abọ́ kékeré tí ẹ ń kó kọfí sí lára ẹ̀rọ espresso yín dojú dé. Bó bá jẹ́ ihò bíńtín kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, abọ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń dá omi dúró. Ẹ kò tíì nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi nìyẹn. Timemore yẹn á tó yín.

Lásìkò ọyẹ́, kọfí lílọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ara irin. Ẹ̀kán omi kan péré lórí kóró kọfí kí ẹ tó lọ̀ ọ́, ó ti tó. Bí kóró náà bá sì ti ń pẹ́ nílé, ẹ máa fún ìdè ẹ̀rọ le díẹ̀díẹ̀, nítorí omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi gbá inú ẹ̀rọ ìlọ-kọfí náà, ẹ má fomi fọ̀ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ egúsí nínú rẹ̀. Ní tèmi, mo ti kọ ọ́ mọ́ páálí rẹ̀ lára gàdàgbà.