Fader tó wà lábẹ́ ìka yín lè má jẹ́ ti olórin

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ sáúndì, òde ìyàwó kan ní Surulere ni ojú ti tì mí jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọ̀gá mi lọ jẹun, ó fi míkísà, ẹ̀rọ tí à ń fi pò gbogbo ohùn pọ̀, sílẹ̀ fún mi. Alága ìdúró gba máìkì, ohùn rẹ̀ kò jáde tó, gbogbo gbọ̀ngàn ń pariwo, "Sáúndì! Sáúndì!" Mo gbé fader rẹ̀ (ọwọ́ tí à ń tì sókè sódò láti díwọ̀n ohùn) sókè. Kò sí ìyàtọ̀. Mo tún gbé e. Lójijì, mọ́nítọ̀ (sípíkà tí àwọn olórin fi ń gbọ́ ara wọn) tó wà nítòsí onílù han gooro, ìyá kan tó ń jẹ ìrẹsì ní tábìlì iwájú sì ju ṣíbí sílẹ̀. Ọ̀gá mi sáré dé, ó tẹ bọ́tìnì kan tí iná rẹ̀ ń tàn, ariwo dáwọ́ dúró. Kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Kí lo rò pé ò ń gbé sókè?"

Sends on Fader ni wọ́n kọ sára bọ́tìnì yẹn. Bí iná rẹ̀ bá ti tàn, fader kò bá gbọ̀ngàn ṣe mọ́. Iye ohùn tó ń lọ sínú mọ́nítọ̀ tí ẹ yàn ló ń díwọ̀n. Ohùn alága ni mo ń rọ́ sí onílù létí.

Lórí míkísà àtijọ́, bọ́tìnì kan, iṣẹ́ kan ni. Ohun tí ẹ rí ni ẹ ń fọwọ́ kàn. Ti dígítà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo míkísà X32 tí ilé-iṣẹ́ Behringer gbé jáde ní 2012, èyí tí mo ń bá pàdé jù ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá: ó lè gba máìkì 32, ṣùgbọ́n fader 16 péré ló wà lápá òsì fún wọn. Ẹ tẹ bọ́tìnì layer kan, ìyẹn ìpele fader, ẹ rí 1 dé 16. Ẹ tẹ òmíràn, 17 dé 32 ló jókòó síbẹ̀, àwọn fader náà á sì máa gòkè sọ̀kalẹ̀ fúnra wọn bí ẹni pé iwin ló wà nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí tépù funfun tí à ń kọ orúkọ sí fi lè parọ́ fún yín. Ẹ kọ "Alága" síbẹ̀, layer yí padà, ó di máìkì àkúbà. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun báyìí, mo máa ń wo layer, mo máa ń wo bọ́tìnì Sends on Fader yẹn, mo sì máa ń wo channel (ọ̀nà tí ohùn máìkì kọ̀ọ̀kan ń gbà nínú míkísà) tí mo yàn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ.

Ihò tí ẹ ki wáyà bọ̀ pàápàá kò so mọ́ channel kankan títí ẹ ó fi so ó. Níbi ìṣọ́ òru kan ní Ẹbúté Mẹ́ta, mo ki máìkì bọ ihò kìíní lára àpótí orí ìtàgé, èyí tó ń kó wáyà máìkì jọ fún míkísà, channel kìíní dákẹ́ bí òkú. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ máìkì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pààrọ̀ olórin. Àṣé ihò ẹ̀yìn míkísà fúnra rẹ̀ ni routing (ètò tó ń yan ihò fún channel) ń tẹ́tí sí, kì í ṣe àpótí. Láti ìgbà náà, mítà, iná tó ń fi bí ohùn ṣe tó hàn, ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Bí iná mítà channel bá ń fò, ohùn ti wọlé, ẹ wá ìṣòro lọ síwájú, síhà sípíkà. Bí kò bá fò, ẹ padà sẹ́yìn, síhà máìkì.

Wáyà tó so àpótí yẹn mọ́ míkísà, AES50 ni wọ́n ń pè é. Wáyà Cat5e kan ṣoṣo lè gbé ohùn 48 lọ, kí ó gbé 48 bọ̀. Ẹnu rẹ̀ jọ ti íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ má ki í bọ ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì o. Kí ẹ sì ra èyí tí irin dáàbò bò, kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Ẹ tẹ kápẹ́ẹ̀tì lé e lórí. Bàtà àwọn tó ń náwó fún olórin kò mọ wáyà yàtọ̀ sí ilẹ̀.

Gain, ìyẹn bí míkísà ṣe ń gbé ohùn máìkì ga bó ṣe ń wọlé: bí ẹ bá yí i láàárín eré, gbogbo mọ́nítọ̀ ló máa yí pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń mu omi. Ẹ tò ó kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ohùn ìdánwò olórin sì máa ń parọ́. Ẹ ní kó kọrin bí ìgbà tí wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Èmi máa ń jẹ́ kí ó wà ní nǹkan bíi -18 dB lórí mítà, torí ní dígítà, odo ni òrùlé. Ohùn tó bá fi orí gbá a, kò sí oògùn rẹ̀.

Ìwé tó bá míkísà wá kò lè kọ́ yín ní ti gángan. Gate máa ń tilẹ̀kùn mọ́ ohùn tí kò bá ga tó ibi tí ẹ fi sí. Mo fi sórí gángan, torí ariwo jẹnẹrétọ̀ ń wọ máìkì rẹ̀. Onílù bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá ìyàwó. Ohùn òkè ń jáde, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tí kọ̀ǹgọ́ rọra fọwọ́ bà ń kú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Oríkì di ọ̀rọ̀ akólòlò. Bàbá àgbàlagbà kan dìde wá bá mi: "Ọmọ mi, ìlù yẹn ń sọ̀rọ̀, ṣé o ò gbọ́ Yorùbá ni?" Mo yọ gate náà kíá. Low cut (tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò) tí mo ń gbé sí 100 Hz lórí máìkì olórin, mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ fún gángan, títí màá fi gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ó ku ti iná. Kọ̀ǹpútà ni míkísà dígítà. Bí iná bá já, ó ní láti tún jí. Ní Yábà, jẹnẹrétọ̀ ti gba iṣẹ́, fáànù ti ń yí, míkísà mi ṣì ń nu ojú oorun. Kò pé ìṣẹ́jú méjì, àmọ́ ẹ bi ẹni tí gbogbo gbọ̀ngàn ń wò. UPS kékeré, bátìrì tó ń gbé iná dúró fún ìgbà díẹ̀, la ń lò báyìí, fún míkísà àti àpótí orí ìtàgé. Iná tí amplifier, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, ń jẹ pọ̀ jù fún un. Mo máa ń tọ́jú scene, ìyẹn gbogbo bí mo ṣe to míkísà, sínú rẹ̀, mo sì máa ń dà á sórí fláàṣì. Bí iná bá lọ, mo máa ń tẹ mute, bọ́tìnì tó ń pa ohùn mọ́, kí amplifier tó jí.

Ní Sátidé tó kọjá ní Ìkẹjà, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, alága ìjókòó kò tiẹ̀ dúró, ó dá orin láìsí máìkì, èrò ń gbè é. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ dé, mo yọ mute, ohùn rẹ̀ sì wà níbi tí mo fi í sí.